Orúkọ Mẹ́ta Lórí Àkọsílẹ̀ Kan

Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí mo sin ìyàwó mi ni wọ́n wá pè mí sí ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn ará wa tí kò nílé wá yàrá. Wọ́n ní kò yẹ kí olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì máa jókòó lásán ní Williamsville, àdúgbò wa ní ilẹ̀ àjèjì tí wọ́n ti ń sọ Faransé yìí. Mo fura pé àánú mi ló ń ṣe wọ́n, inú mi kò sì dùn sí i.

Láti ìgbà tí ìjọba ti wó àwọn ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí létí ọ̀sà ni àwọn ará wa tó ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ti pọ̀ sí i. Ìjọ wa ń ran àwọn tiwa lọ́wọ́, mọ́ṣáláṣí ń ran àwọn tiwọn, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń ṣe tirẹ̀. Wọ́n wá pinnu pé kí gbogbo rẹ̀ di àkọsílẹ̀ kan àti àpò kan. Inú àpò náà ni a ó ti máa san kosiọ́n, ìyẹn owó oṣù mélòó kan tí onílé máa ń gbà kó tó fúnni ní kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pa ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí n rí i pé ẹnikẹ́ni kò jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ọjọ́ méjì tó pé, mo ti rí ohun tí mo ń wá. Nínú ìwé ìjọ, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ orúkọ inú Bíbélì. Ó ń tún àga onítìmùtìmù ṣe, ó ní ìyàwó kan àti ọmọbìnrin méjì. Nínú ìwé mọ́ṣáláṣí, orúkọ Mùsùlùmí ni, iṣẹ́ kan náà, ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì. Nínú ìwé ẹgbẹ́, orúkọ Yorùbá ni. Nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ló wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyàwó mi ló kọ ìwé ti ìjọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkùnrin náà, ó kọ ọ́ pé: títí Ọjọ́rú. Mo gbà pé òun náà ti fura sí i, ó sì ti fún un ní gbèdéke. Mo fa ìlà sórí orúkọ méjì tó kù, mo sì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣọ́ ilé mọ́ṣáláṣí àti ilé ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má jẹ́ kó wọlé sùn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀, ó kọ̀ láti jókòó. Ó kí mi dáadáa, ó wá béèrè bóyá èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún òun lánàá. Mo ní èmi ni, mo sì bi í pé orúkọ mélòó ló ń jẹ́.

"Mẹ́ta, bàbá. Bàbá mi ló sọ mí ní ti mọ́ṣáláṣí, iléèwé àwọn fadà ló fún mi ní ti ìjọ, ìyá mi ló sọ mí ní ti Yorùbá. Ibi tí mo bá dé, èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni mò ń jẹ́."

Mo sọ fún un pé ẹlẹ́tàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bínú. Ó ní kí n bá òun ka ọjọ́. Yàrá ẹ̀kọ́ ọmọdé ìjọ wa ń ṣófo láti alẹ́ Ajé títí di Ọjọ́rú. Ilé kéú kì í ní akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Àbámẹ́ta àti Àìkú ni wọ́n ń sùn ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ọjọ́ méje gééré ni, kò sì sùn síbi méjì ní alẹ́ kan. Òjò ti pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Adjamé mọ́jú.

Ìtàn náà gún jù fún mi láti gbà gbọ́. Mo lọ bá Àlájà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wa.

Ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe olùkọ́ níbí pè mí. "Mùsíyé, ẹ ò mọ̀ ni? Ìyàwó yín ló wá bá mi nílé, ló to ọjọ́ náà bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá sọ fún yín, ẹ ó béèrè ìwé ẹ̀rí."

Mo béèrè pé ìgbà wo. Ó ní nínú oṣù tó ṣáájú ìgbà tó wọ ọsibítù ni. Lóṣù náà, ohun tí ìyàwó mi ń sọ fún mi ni pé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin lòun ń lọ. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí Àlájà ti sọ ọ́, kí ni mo ṣe tí kò fi lè sọ fún mi. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Àlájà ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, mo ní kí kosiọ́n àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdílé yẹn. Àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yíjú sí mi.

"Mùsíyé, àga mélòó ló ti bá yín tún ṣe?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹlòmíràn ló dá irú àbá bẹ́ẹ̀, èmi náà ì bá bi í bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹni méjì wá sílé mi, wọ́n ní àwọn wá kí mi ni. Ojú wọn kò kúrò lára àga inú pálọ̀. Aṣọ àga náà ti gbó, tìmùtìmù ti ń yọ jáde. Ìyẹn ló gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

A rí yàrá kan ní àdúgbò Yopougon, nítòsí àwọn ilé iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọn yóò gba kọ́kọ́rọ́, onílé béèrè ìwé ìdánimọ̀ ọkùnrin náà. Ó mú un jáde, mo sì gbà á wò. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kò sí nínú ìwé wa kankan. Ó ní akọ̀wé kan ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, òun kò tíì jẹ́ ẹ rí.

Mo gbé káàdì náà lọ sójú fèrèsé. Mo wo fọ́tò, mo wo ojú rẹ̀, mo tún wo fọ́tò. Onílé bi mí ní Faransé bóyá mo mọ ọkùnrin yìí.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ti ń wọ́ ibùsùn wọn wọlé kí n tó fọwọ́ síwèé onídùúró.