Ògiri Sọ Tirẹ̀, Igbá Sọ Tirẹ̀

Kò! Èkùrọ́ kan bọ́ sínú igbá. Ìyá àgbà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ìgò epo kan fún alákàrà àdúgbò wa ni. Owó kò sí lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì ti gbé epo rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà mú èédú, wọ́n fa ìlà kan sára ògiri lábẹ́ àwòrán abẹ̀bẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ìkòkò epo tó ń hó lórí iná. Òórùn epo tuntun gba gbogbo ilé wa ní Kétu. Èmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń fetí ka èkùrọ́.

Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jẹ epo wọn gbé. Gbogbo ẹni tó ń ra epo láwìn ló ní àwòrán tirẹ̀ lára ògiri. Abẹ̀bẹ̀ ni ti alákàrà, òòyà ni ti onídìrí, táyà sì ni ti ọlọ́kadà tó ń gbé èrò lọ sí Idigny. Ìgò kan, ìlà kan. Ẹni tó bá sanwó, ojú rẹ̀ ni wọn yóò ti fi àkísà tútù nu ìlà rẹ̀ kúrò. Igbá ní tirẹ̀ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìgò yòówù tó bá jáde láwìn, èkùrọ́ kan wọlé. Èyí tí wọ́n bá san, èkùrọ́ kan jáde. Lára ògiri kejì ni àwòrán àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹyìn wá fún wa láwìn wà, àwọn náà sì ní igbá tiwọn, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn tó jẹ wá wà lọ́tùn-ún, àwọn tí a jẹ wà lósì.

Tí ọjà bá ku ọ̀la, ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá àgbà á ka ògiri, èmi á ka igbá.

“Ògiri ní mélòó?” Èmi ni mo máa ń bèèrè.

Wọ́n á dáhùn, wọ́n á ní, “Igbá ńkọ́?”

Tí iye méjèèjì bá dọ́gba, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ra àkàrà fún mi. Tí kò bá dọ́gba, a ó wá a títí tí a ó fi rí i. Wọ́n máa ń sọ pé igbá kò lè dárúkọ ẹni tó ṣẹ̀, pé ó kàn lè sọ pé àṣìṣe wà nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo ti ilé ìwé dé tí mo bá àgbàdo sísun gbígbóná. Àwọn àgbà ní èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Lẹ́nu tèmi, àgbàdo ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ki ọwọ́ bọ igbá. Mẹ́rin péré ni mo jẹ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ògiri ní mẹ́tàlélógójì, igbá ní mọ́kàndínlógójì. Ìyá àgbà tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n dárúkọ àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ tẹ ìlà. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fọwọ́ lérán.

“Ẹnìkan ti san owó ìgò mẹ́rin, mi ò sì pa á rẹ́. Ṣé kí n wá lọ sin gbèsè lọ́wọ́ ẹni tó ti sanwó? Orí mi ti ń dàrú. Ẹni tí kò rántí ẹni tó sanwó kò yẹ kó tà láwìn mọ́. Mo fẹ́ fi epo títà sílẹ̀.”

Epo yẹn ló ń san owó ilé ìwé mi, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló kọ́kọ́ dùn mí. N kò rí kí Ìyá àgbà fọwọ́ lérán rí.

“Ìyá, orí yín ò dàrú. Inú mi ni wọ́n wà.”

“Kí ló wà nínú rẹ?”

“Èkùrọ́ mẹ́rin.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín débi tí ìró tú nídìí wọn. “Wọ̀bìà ọmọ yìí! O fẹ́ fi àgbàdo sọ mí di arúgbó!” Wọ́n ní kí n lọ pa èkùrọ́ mẹ́rin dípò èyí tí mo jẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n ya àwòrán ẹnu tó là sílẹ̀ gbàgà sí ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ju èkùrọ́ kan sígbá. “Ìgò epo kan ni owó ìtanràn rẹ. Ìwọ náà ti di onígbèsè mi. Ọjọ́ tí o bá ríṣẹ́ ni kí o san án.”

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ ìṣirò owó wa kọ ọ́ sójú pátákó: oníbàárà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú ìwé tirẹ̀, lẹ́yìn náà, àkáǹtì kan ṣoṣo tó kó gbèsè gbogbo wọn pọ̀. Bákan náà ló rí fún àwọn tí a jẹ. Kíláàsì ń kùn. Olùkọ́ bèèrè pé kí ló dé tí a fi ń kọ ohun kan náà sí ọ̀nà méjì. Mo nawọ́, mo dá olùkọ́ lóhùn.

“Mùsíọ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń jẹ èkùrọ́ ni.”

Kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín dọ́ba, àmọ́ nígbà tí mo ṣàlàyé tán, olùkọ́ gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. “Ìyá àgbà rẹ ló yẹ kó dúró síbi tí mo dúró sí yìí.”

Èmi náà ti di olùkọ́ ìṣirò owó ní Pobè báyìí. Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni mo fi ra ìgò epo kan, mo gbé e lọ sí Kétu, mo sì mú àkísà tútù. Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú. “Gbé epo rẹ. Ẹni tó bá ti san gbèsè tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá sílé ẹni mọ́.” Lọ́dọọdún ni mò ń gbé epo lọ, lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ̀ ọ́, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kò sí mọ́. Àwọn oníbàárà wá san tiwọn tán, wọ́n sì nu ìlà wọn. Nígbà tí a fẹ́ kun ilé, mo ní kí akunlé fi ìsàlẹ̀ ògiri tí àwòrán ẹnu yẹn wà sílẹ̀ fún mi, mo sì gbé igbá sídìí rẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá lọ sílé, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ kà á. Ògiri ní ọ̀kan. Igbá ní ọ̀kan. Ó dọ́gba, mo ṣì jẹ Ìyá àgbà ní gbèsè.