Bọ́tìnì Ẹ̀yìn Aṣọ Ìyàwó

Iṣẹ́ fíríìjì ni mò ń ṣe. Ọwọ́ mi tóbi, ó sì le. Kò sí irinṣẹ́ tó wúwo tí kò lè gbá mú. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì ẹ̀wù obìnrin? Ọlọ́run ló mọ ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é kékeré bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá ìyàwó mi de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ láràárọ̀. Bí mo bá fo ihò kan láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, apá kan gùn, apá kan kúrú. Télọ̀ sì ni o! Àwọn oníbàárà á wò ó, wọ́n á wo ara wọn.

Làkúrègbé ló fà á. Kì í ṣe èyí tó ń bá àgbàlagbà jà, torí irun funfun kan ò tíì sí lórí rẹ̀ nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Tó bá jí láàárọ̀, ìka rẹ̀ á wú, á gbóná, á le gbagidi. Lọ́jọ́ kan, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè ká ìka láti mú un nílẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù láti wá mú un lọ sílé, ó jókòó, ó ń wo sísọ́ọ̀sì náà níbi tó bọ́ sí.

Dókítà tó rí wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń lo awò ojú, ṣàlàyé pé ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló yí padà, tó ń bá oríkèé ara jà. Kò ní lọ pátápátá, àmọ́ oògùn wà tó lè tù ú lára. Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

“Dókítà, ṣé màá lè rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi?”

Ọmọ wa obìnrin ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù nígbà náà. Ọkọ wo, ìgbéyàwó wo? Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá rẹ̀, mo fi ẹ̀rín mi pamọ́. Dókítà ò sì purọ́ fún un. “Màmá, mi ò lè ṣèlérí ìyẹn,” ló sọ.

Ní ọ́sípítù yẹn náà ló ti bá baba kan pàdé, ẹni tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe ń na ara. Baba náà kì í kánjú. Á bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, á ní kí ìyàwó mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó máa na ìka, kó máa ká a. Ó kọ́ ọ bó ṣe yẹ kó máa mí, bó ṣe yẹ kó máa rìn, ohun tó yẹ kó dín kù nínú oúnjẹ, àti pé kó máa sùn lọ́sàn-án láìtijú. Obìnrin tí kò sùn lọ́sàn-án rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ! Díẹ̀díẹ̀, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Inú wa dùn gan-an.

Ibẹ̀ ni màdáàmù ti wá gbé tiẹ̀ dé. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó pa oògùn ọ́sípítù tì. Ó rò pé omi àti ìsinmi ti tó. Kò pẹ́ kò jìnnà, àìsàn náà padà, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó fi di pé èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ lẹ́nu. Ìbọ̀sẹ̀ ni mò ń wá lọ́jọ́ tí mo bá oògùn náà lábẹ́ àwọn òwú rẹ̀, kò tilẹ̀ tíì já a. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pariwo! Aládùúgbò wa sáré wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé olè ló wọlé.

Dókítà ò pariwo ní tiẹ̀. “Màmá, omi yín dáa, ìsinmi yín dáa, oògùn náà dáa. Ta ló wá ní kẹ́ ẹ lé ọ̀kan jáde nínú wọn?” Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé iṣẹ́ tó ń ṣe dòní kà.

Kò lè ránṣọ gidi mọ́. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, òun kàn ń wọn àwọn oníbàárà ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wọn èèyàn, kò sí ohun tí ara lè fi pamọ́ fún un. Á na téèpù sí èjìká oníbàárà, á dúró.

“Tíṣà, èjìká ọ̀tún yín ò rí báyìí lọ́jọ́sí. Kí lẹ ń gbé? Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Ta ló ń dà yín láàmú nílé?”

Tíṣà tó wá ránṣọ ló wá jókòó, tó ki ọwọ́ bọ abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ìyàwó mi ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń rojọ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó máa tún padà wá, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, ìyàwó mi ní òun ò ní máa méfò lórí ara ọmọ ọlọ́mọ. Ó padà sílé ẹ̀kọ́, láàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ, ó kọ́ nípa ara, oúnjẹ, mímí àti bí wọ́n ṣe ń wọ́ ara. Lọ́jọ́ tó gbàwé ẹ̀rí, baba ọ́sípítù yẹn wá, ó pàtẹ́wọ́ títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ọlọ́run á bá wa san án fún baba yẹn.

Ó fi kọ́tìnì pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì: ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú, ẹní àti abọ́ omi lẹ́yìn. Ìyá Rọra làwọn èèyàn ń pè é, torí “ẹ rọra” kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ kó tó ní kẹ́nikẹ́ni rọra, “Oògùn ọ́sípítù yín dà?” ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó bá ní òun ti pa tòun tì, kò ní bu omi fún un, àfi tó bá lọ rí dókítà rẹ̀ ná. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ni ọlọ́jà tí mo mọ̀ tó ń lé oníbàárà.

“Wọ́n ń padà wá, Dádì,” á ní. Òótọ́ sì ni.

Nígbà tó yá, ọmọ wa mú ọkọ wálé. Ọmọṣẹ́ ìyá rẹ̀, tó ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀, ló máa rán aṣọ. Lọ́jọ́ tó wá wọn ọmọ wa, ìyàwó mi dìde wọ yàrá, mo tẹ̀ lé e. Ó ń sunkún.

“Mo dúpẹ́ o, Dádì, mi ò ní mi ò dúpẹ́. Àmọ́ ó dùn mí.”

Mo jókòó tì í. Nígbà tó nu ojú tán, ó padà sí pálọ̀.

“Ẹ̀yìn aṣọ yẹn, bọ́tìnì ni kó jẹ́ o. Látòkè délẹ̀.”

“Háà, Màmá, sípù ló máa yá jù,” ni ọmọṣẹ́ rẹ̀ wí.

“Bọ́tìnì. Èmi ni màá sì bá ọmọ mi dè é.”

Gbogbo wa la mọ ẹni tó de bọ́tìnì ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe di ohun ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn. Láràárọ̀, tó bá ti lo oògùn, tó ti ki ọwọ́ bọ omi, tó ti nara, màá dúró síwájú rẹ̀ bí ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, á máa de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ẹni tí yìnyín rẹ̀ ti ń yọ́ á máa pè mí lórí fóònù, màá ní mo ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ n sòótọ́, ó máa ń bí mi nínú, ara mi kì í gba ìdúró. Àmọ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ dè é tán láìsinmi, àfi bíi kí n máa jó lọ síbi iṣẹ́. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbéyàwó kò, ìka tún wú. Dókítà tún oògùn rẹ̀ tò. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ yọ́ wá bá mi, ó ní ṣé kóun fi sípù sí i. Mo ní kó lọ bi í fúnra rẹ̀. Kò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó kún inú yàrá, lọ́fínńdà ń ta mí nímú. Ọmọ wa dúró síwájú dígí. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìka rẹ̀ ò tíì wálẹ̀ tán. Ọ̀kan wọlé. Òmíràn wọlé. Nígbà tó dé àárín, bọ́tìnì kan kọ̀ jálẹ̀. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un mú, ó tún yọ̀ bọ́. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo na ọwọ́ mi. Ọmọ wa rí mi nínú dígí, ó mirí pé rárá, mo fà á padà. Níta, awakọ̀ fọn fèrè.

“Ẹ sọ fún un kó rọra,” ni ìyàwó mi wí, kò gbójú sókè.

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, bọ́tìnì sì wọlé.

Ó dìde nílẹ̀ láti de ìyókù. Nígbà tó de ti ọrùn tán, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé èjìká ọmọ rẹ̀. “Ẹ ṣé, Màámi,” ni ọmọ ń wí. Ìyá rẹ̀ ní kó má sunkún ba àtíkè jẹ́. Ó wá yíjú sí mi, ó wo àyà mi.

“Dádì, ta ló de èyí?”

Mo wo ara mi. Èmi fúnra mi ni mo de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì mi láàárọ̀ yẹn kí n má bàa lo ìka rẹ̀ tán, mo sì ti fo ihò kan. Apá kan gùn, apá kan kúrú. Ó sún mọ́ mi, ó tú gbogbo rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Awakọ̀ tún fọn fèrè. Mo dúró jẹ́ẹ́, mo gbé àgbọ̀n sókè, mò ń dúpẹ́.