Aago Àárọ̀ Tí Ọ̀gá Efe Fún Ètò Mi

Nígbà tí ìjà gba ìgboro Warri, tí ìjọba ṣe òfin kónílé-ó-gbélé, kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa fun fèrè ìlọsílé ní ilé iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ugborikoko. Ẹni tí àwọn sójà bá bá lójú ọ̀nà lẹ́yìn àsìkò, wọ́n á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Èmi sì ní ìyàwó nílé ní Ekurede-Urhobo, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, kò sì sí ẹlòmíì lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá mi, Efe, tí kì í gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, ló kọ ètò ńlá tó ń wo aago, tó sì ń darí fèrè. Èmi kọ òfin fèrè sínú rẹ̀ ní èdè kọ̀ǹpútà kékeré kan, kí á lè tètè yí i padà bí ìjọba bá yí wákàtí. Ṣùgbọ́n èdè kékeré yìí dà bí àlejò nínú ilé onílé: kò lè ṣí ìkòkò fúnra rẹ̀. Ohun tí ètò ńlá bá bù fún un ló máa mọ̀. Bí wọ́n bá bu aago mẹ́jọ fún un, mẹ́jọ náà ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi bu òmíràn.

Mo ní kí Ọ̀gá máa fún un ní aago ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ó ní ìyẹn á mú ẹ̀rọ falẹ̀.

"Morning wey we on am, I go give am once. E no be pikin wey dey chop every time."

"Na you be oga, sir," mo dáhùn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Ètò mi tún ń kí àlejò lójú kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà ní káàárọ̀, káàsán tàbí kúùrọ̀lẹ́, bí aago bá ṣe wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "Ẹ káàárọ̀" ló ń sọ ṣáá. Àwọn ará Warri ń rẹ́rìn-ín kọjá, wọ́n ń dá a lóhùn. Lójú tiwọn, gbogbo ìkíni Yorùbá kò ju ìyẹn lọ. Èmi wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, mo ń retí fèrè.

Àfi ìgbà tí Alhaja Sinótù, oníṣòwò ọmọ Ọ̀yọ́ kan, wá kó bàkẹ́tì.

"Ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó ń kí mi ní káàárọ̀? Èmi tí mo ti kírun àsárì!"

Mo sáré jáde. "Ẹ má bínú, Alhaja. Kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà ò ní ìyá tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, kí n tó rántí fèrè. Bí ètò mi bá ṣì gbà pé àárọ̀ ni, fèrè ò ní dún láé. Mo wo aago ọwọ́ mi: àsìkò ìlọsílé ti kọjá. Ọ̀gá ti yọ bọ́tìnnì fèrè kúrò kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àkókò. Pípa kọ̀ǹpútà náà ká tún tàn án sì máa ń pẹ́ ju ẹ̀wà sísè lọ. Mo mú ọ̀pá irin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn irin gbàgàgbàgà.

"Time don go! Make everybody dey go house!"

Alhaja náà ń bá mi pariwo. Ọ̀gá Efe ló kọ́kọ́ sáré jáde, ó di bàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

"From tomorrow, give am every minute," ló sọ bó ṣe ń kọjá lára mi, bí ẹni pé èmi ni mo kọ̀.

Díẹ̀ ló kù kí àwọn sójà dí ọ̀nà tí mo fi wọlé. Ìyàwó mi rí àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti bó.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́ báyìí?"

"Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni."

Ó wo ọwọ́ náà títí, ó wá gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Èyí tó wà níbí," ó ní, "dókítà ni yóò gbẹ̀bí rẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà."