Ológbò Ìyá Sàdíátù

Gbogbo ará Iba ló mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Ìgè Májẹ́kódùnmí gbé òkú ológbò padà fún Ìyá Sàdíátù ní Okokomaiko. Ọdún 1987 ni. Iṣẹ́ àga onítìmùtìmù ni Ìgè ń ṣe, àmọ́ ó ti rí ẹkùn kan nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n bó awọ rẹ̀, tí wọ́n ki nǹkan sínú rẹ̀ títí ó fi dúró bí alààyè. "Kí ló wà ńbẹ̀?" ni Ìgè wí. "Tìmùtìmù onírun ni."

Rájí, ọkọ Ìyá Sàdíátù, ló fi ológbò náà sílẹ̀ lọ sọ́run. Orí àga Rájí ni ológbò náà máa ń sùn. Nígbà tí ológbò náà kú, obìnrin náà ò lè wo àga òfìfo. Ìgè ní kó má sunkún mọ́, òun á dá a padà síbẹ̀.

Ó gbé e dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì ló fi ṣe ojú rẹ̀: ọ̀kan ń wo ìlẹ̀kùn, èkejì ń wo àjà. Ìyá Sàdíátù fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Irun bá ọwọ́ rẹ̀ wá, ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo ológbò.

"Bọ̀ọ̀dá Ìgè, ẹ dákun, ṣé kò tíì kú tán ni?"

"Ó ń pààrọ̀ irun ni," Ìgè dáhùn.

Òun gan-an mọ̀ pé irọ́ ni. Oòrùn mú lọ́jọ́ tí ológbò kú, iṣẹ́ àga sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi òkú náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó bó awọ, kó tó fi iyọ̀ pa á. Awọ ti ń jẹrà, awọ tó bá sì ti jẹrà kì í di irun mú. Ọmọ́wùmí ìyàwó rẹ̀ ní, "Mo sọ pé ó ń rùn. Ẹ ní kí n mú àtíkè wá."

Ìgè gbé ológbò náà padà sílé ara rẹ̀ láti tún un ṣe. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Atẹ́gùn ń gbé irun náà gba abẹ́ ìlẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá. Wọ́n á gbálẹ̀ láàárọ̀; tó bá di ọ̀sán, irun á ti kóra jọ sí kọ̀ọ̀rọ̀ kan, á ká bí ẹran tó sùn. Nígbà mìíràn, ó máa ń mí. Adélékè, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ẹ̀yìn, kó ẹrù rẹ̀ jáde. "Èmi nìkan ni mo gba yàrá yẹn," ló sọ fún onílé.

Ìgè ò sá. Ó ṣa irun náà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Àmọ́ iwájú ló dojú irun kọ, ológbò náà wá dà bí ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn kúrò níwájú ohun tí ẹlòmíràn ò rí. Ìyá Sàdíátù gbé e sórí àga. Eku ò wọ ilé náà mọ́. Àwọn àlejò pàápàá ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ mọ́.

Síbẹ̀, irun ń já. Ìgè wá ń lọ sí Okokomaiko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Bó ṣe ń lẹ irun, obìnrin náà á máa sọ̀rọ̀ Rájí fún un, àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ìgè kú nígbà ọyẹ́, lọ́dún 1995. Kò sẹ́ni tó ń lẹ irun mọ́. Ẹ̀yìn ológbò náà pá.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sin ín," Sàdíátù wí. "Ó ń bà mí lẹ́rù."

Ìyá rẹ̀ fẹ́ eruku kúrò létí ológbò náà jẹ́jẹ́.

"Nígbà tí ilé yìí dá páropáro," ó ní, "ta ló ń yà sọ́dọ̀ mi? Bọ̀ọ̀dá Ìgè ni. Jẹ́ kó jókòó."