Orin Tó Sọ Ilé Wa Di Ilé Ọ̀fọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde Yunifásítì ni, mo ń retí iṣẹ́ nílé wa ní Ìkọ̀lé. Ọmọbìnrin tí mo rò pé mo máa fẹ́ ní Ìbàdàn ti kọ̀ mí, mo sì ti fi ìbànújẹ́ náà kọ orin. Ẹsẹ mẹ́ta jẹ́ ti ọkàn tó gbọgbẹ́, ẹsẹ kẹrin jẹ́ ti ìrètí. Mo rò ó dáadáa: ó yẹ kí ènìyàn mọ ìrora kó tó mọ ìtura.

Lọ́jọ́ ọjà, mo gbé gìtá lọ sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì. Ojú ń tì mí débi pé okùn gìtá nìkan ni mo ń wò. Nígbà tí mo parí ẹsẹ kejì tí mo gbójú sókè, èrò ti pé lé mi lórí, àwọn obìnrin sì ń nu ojú. Mo rò ó pé, bí a bá yọ ti eruku lọ́rì kúrò, orin mi ló fa omijé yìí.

Ìyá arúgbó kan tó gbé agbọ̀n ata dání sún mọ́ mi.

“Ọmọ mi, ta ló kú?”

N kì í sọ ohun tí kò bá dá mi lójú. Mo wò ó pé ìfẹ́ kan ṣáà ti kú. Mo ní, “Ìyá, kò sí ẹni tó kú ní pàtó.”

Ìyá náà figbe ta sí àwọn èrò, “Yéè! Ó ń fi pa mọ́ ni! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni! Ẹ jẹ́ á lọ bá ìyá rẹ̀ ní ulé!”

Èmi sì ń pariwo tẹ̀lé wọn pé, “Ẹ dúró, ó ku ẹsẹ méjì!”

Láti ìgbà òjò ni a kò ti gbúròó ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo sáré délé, tí gìtá ń gbá mi lórúnkún, ìyá mi ti wà nílẹ̀, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

“Màmá, ẹnì kankan ò kú. Orin lásán ni.”

Kò gbà mí gbọ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ru ìròyìn ikú kì í tètè jẹ́wọ́.

Ó ní, “Bó bá jẹ́ orin ni, kọ ọ́ tán lójú gbogbo wa.”

Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ẹsẹ kẹrin, níbi tí mo ti ní òjò á dá, tí mo sì ní màá tún rí ẹlòmíràn fẹ́, ìyá mi dìde jókòó.

“Ṣé torí obìnrin lo ṣe fẹ́ pa mí?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá aláta ní, “Ẹ má bá mi wí o. Ohùn rẹ̀ ló dà bíi ti ẹni tí òkú sùn sílé.”

Ìyá mi ń wé gèlè rẹ̀. “Ẹsẹ ìkẹyìn yẹn ni kí o máa fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, màá wá dúró tì ọ́, kí n máa sọ fún wọn pé kò sí òkú.”