Fódà Tí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Sílẹ̀

Inú àpò Bíbélì ìyàwó rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti yọ fíláàṣì náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ nínú pálọ̀ wa ní Ìjerò. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ní kí n fún ọ. Ó ti sọ ọ́ kí àìsàn yẹn tó le. Èmi ni mo gbàgbé."

Oṣù kẹrin tí a sin ín nìyẹn. Ó ṣe mí bíi kí n bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Èmi tó jẹ́ pé èmi ni mo dé kẹ́yìn sí ìsìnkú, tí mo sì padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni o, kì í ṣe tèmi. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tó wọlé, síbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́, nítorí inú ilé náà ni mo wà kó tó dé. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Ó rí i pé ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lọ́wọ́ mi, pé kò sí ògiri tí mi ò kọ nǹkan sí, ló bá ń pè mí ní Akọ̀wé mi. Yóò kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, yóò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi fà mí létí lọ sí balùwẹ̀. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Mo ki fíláàṣì náà bọ láptọ́ọ̀pù mi. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: àwòrán fódà kan, AKOWE MI ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ojú mi tó kó sí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wíńdóòsì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe fódà, pé áàpù ni. Mo ní kó fi ìparí orúkọ rẹ̀ hàn mí, ni .exe bá yọjú. Fódà kì í ní irú ìrù bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ní in, iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe ní kété tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ tó o tẹ̀ ẹ́ ò sì ní mọ irú iṣẹ́ tí í ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣí i. Kí lò ń wò?"

"Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì."

"Fáírọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi wá kó sílẹ̀ fún ọ? Orúkọ tó ń pè ọ́ kọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn? Ta ni ìbá tún kọ ọ́?"

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìbéèrè tó bi mí gan-an ló wà lọ́kàn mi, òun ló sì ń dẹ́rù bà mí. Ká ní orúkọ míì ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, ǹ bá ti pa á rẹ́ láìronú. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Mo sì mọ bí nǹkan ṣe rí: olùkọ́ ni ìyàwó wa ní Ayétòrò. Tí sáà bá ti ń parí lọ, gbogbo olùkọ́ ibẹ̀ ló ń gbé fíláàṣì lọ sí ilé àtẹ̀wé kan ṣoṣo, kí wọ́n lè tẹ ìbéèrè ìdánwò, kọ̀ǹpútà kan náà ni wọ́n sì ń kì í bọ̀. Ohun tó bá ti mú ẹnì kan, gbogbo wọn ló mú.

Ẹ̀rọ tó ń wá fáírọ́ọ̀sì lórí láptọ́ọ̀pù mi ò rí nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ́ di tuntun gbẹ̀yìn, ìtìjú gbáà. Mo bá ní kí láptọ́ọ̀pù ṣírò òǹtẹ̀ fáìlì náà, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan tó dà bí ìtẹ̀ka: ti fáìlì kan kì í jọ ti òmíràn. Ìkànnì kan wà tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdènà fáírọ́ọ̀sì ti jọ ń dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ̀. Mo lè fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun téèyàn bá fi síbẹ̀, àjèjì lè rí i. Tó bá jẹ́ pé nǹkan tirẹ̀ ni lóòótọ́, mi ò fẹ́ kí àjèjì fojú kàn án. Òǹtẹ̀ nìkan ni mo pinnu láti fi ránṣẹ́.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú pálọ̀. Mo gbé láptọ́ọ̀pù jáde síta, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí ẹ̀gbọ́n mi sá, mo ń gbé fóònù sókè sódò. Nígbà tí èsì dé, pupa ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n ní àrùn fíláàṣì àtijọ́ ni. Wọ́n kọ ohun tó ń ṣe síbẹ̀: fódà tó bá bá nínú fíláàṣì ni yóò fi pamọ́, yóò wá gbé àwòrán àti orúkọ fódà náà wọ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Fáírọ́ọ̀sì olè náà ò mọ̀ mí rí. Níbo ni ìbá ti rí orúkọ yẹn, tí kì í bá ṣe pé ìyàwó wa ti kọ ọ́ síbẹ̀?

Mo pa .exe náà rẹ́, mo ní kí Wíńdóòsì fi ohun tó pamọ́ hàn. Fódà kan yọ, ó ṣì bàìbàì. Lẹ́tà mẹ́sàn-án tí wọ́n tẹ̀ sí mi ló wà nínú rẹ̀.

Ọdọọdún ni ìyàwó wa ń bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun ní kọ̀ǹpútà, kí òun lè máa fọwọ́ ara òun tẹ ìbéèrè ìdánwò òun. Ọdọọdún ni mo ń dáhùn pé tó bá di Kérésì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ò ní ju ìlà kan lọ, àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìkẹta ti ní àmì ìdánudúró. Mò ń kà á, ó ń wù mí kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, kó pè mí lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo fi dé orí ìkẹsàn-án, kò sí àṣìṣe kankan mọ́, àfi ohùn ìlú wa tó hàn nínú rẹ̀:

"Akọ̀wé mi, ẹ má ṣèyọnu lórí kọ̀ǹpútà mọ́. Ọmọbìnrin ilé àtẹ̀wé ti kọ́ mi. Tí ẹ bá wá sí ulé báyìí, kò sí uṣẹ́ kankan fún yín. Kí ẹ ṣáà wá jókòó tì mí."

Ẹ̀gbọ́n mi ti jáde, ó dúró lẹ́yìn mi.

"Ó ti ṣí?"

"Ó ti ṣí."

"Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní kí n wá sílé, kí n wá jókòó."

Ó wò mí nílẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọwọ́ yí kòkó náà padà.