Gẹ̀ẹ́sì Mi Ń Jà

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ṣé ẹ ti bá èèyàn jà rí láìmọ̀ pé ẹ̀ ń jà? Èmi ti ṣe é, lórí fóònù, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hillbrow, ní South Africa, tí mo ti lọ wáṣẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì nílé ni mo wá bá àǹtí mi, àbúrò màmá mi, tó ń dirun ní Johannesburg. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbá irun ilẹ̀. Obìnrin ará Soweto kan tó máa ń wá dirun lọ́dọ̀ wa ló ń dáhùn fóònù ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Wọ́n ń wá ẹnì kejì, ó ní òun á mú mi lọ. Àǹtí mi ní tí wọn ò bá gbà mí, òun á dá mi padà sílé, pé irun tó wà nílẹ̀ ò tó ọkùnrin gbá.

Ẹ̀rù ò bà mí. Níléèwé, èmi ni wọ́n máa ń pè síwájú pé kí n wá kàwé. Tíṣà wa ní ká pe gbogbo ọ̀rọ̀ kó yó. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan mì, pàṣán ló máa fi pọ̀ ọ́. Nígbà tí a dé òtẹ́ẹ̀lì, mo gbé fóònù, máníjà wà nínú yàrá kejì tó fi fóònù tiẹ̀ ń dán mi wò. Mo ní: "Please. Hold. On. For. A. Minute." Mo fún "for" ní tiẹ̀, mo fún "a" ní tiẹ̀, bí ẹni ń pín ẹran fún ọmọ orogún.

Máníjà ní, "Kí ló ń bí ẹ nínú?"

Mo ní inú ò bí mi. Mo pín ìyẹn náà bí ẹran. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Obìnrin Soweto ló bá mi bẹ̀ ẹ́ tó fi ní kí n padà wá ní Fúráìdé.

Látìgbà yẹn, etí mi ò sinmi. Nínú táàsì, obìnrin kan ní òun ń lọ "to the shop", mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ki orí bọ ẹnu ẹ̀ kí n wá "to" yẹn. Ó wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò ju èémí tí èèyàn fi ń fẹ́ eruku lójú ọmọ lọ. Ọgbọ́n mi wá ní kí n kúkú yọ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn dànù. Nígbà tí obìnrin Soweto wá dirun, mo ní, "Hold minute."

"Eish," ó ní, "o ti di tẹligíráàmù ayé àtijọ́."

Àǹtí mi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ń gba owó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ ni?"

Kòlẹ́sẹ̀ ló ń dì fún un. Mo ń wo ọwọ́ ẹ̀. Bó bá ti di irun tó nípọn mú, ìka ẹ̀ á ha irun díẹ̀ lábẹ́, á fi kún un, kò ní dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ló fò ó, ìdì náà dẹ̀, ló bá tú u. "Tí n ò bá mú kékeré yìí mọ́ ọn, kò ní mú," irun ló ń bá wí, kì í ṣe èmi. "Tí mo bá sì dúró tì í, ilẹ̀ á ṣú."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tẹ̀ lé ọwọ́ ẹ̀. Ó dì í mú, mo ní "hold". Ìka ha abẹ́, mo fi "on for a" kọjá. Ó dì í mú, "minute". Obìnrin Soweto gbé orí sókè, òòyà fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Má sọ̀rọ̀ mọ́ títí di Fúráìdé, kó má bàa bàjẹ́."

Mo sọ ọ́ fún ìgbálẹ̀, mo sọ ọ́ fún ìkòkò. Òní ni Fúráìdé, mo ń kọ èyí kí wọ́n tó wá mú mi. Ìṣòro tó kù ni pé tí ìka mi ò bá dirun nínú afẹ́fẹ́, ẹnu mi á tún máa jà. Ọwọ́ méjì ni irun ń gbà, fóònù sì fẹ́ ọ̀kan. Bóyá kí n fi èjìká gbé e, bí àǹtí mi ṣe máa ń—

"Ìwọ, gbé bírò yẹn sílẹ̀," àǹtí mi ní. "Obìnrin òtẹ́ẹ̀lì ti wà nísàlẹ̀. Ó yá, ká lọ."